Ojú Kì í Ṣe Iṣu

Àníkẹ́ ọmọ mi,

Àwòrán tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mi ò wò ó lábẹ́ iná. Mo dúró di òwúrọ̀, mo gbé fóònù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, torí iná inú ilé kì í jẹ́ kéèyàn mọ àwọ̀ gidi. Mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ méjèèjì, àmì dúdú wà níbẹ̀ káàkiri bí ẹni pé wọ́n ta tàdáwà sí i. Mo rí àgbọ̀n rẹ náà. Mo wá ka ohun tó o kọ sísàlẹ̀: “Mọ́mì Mọ́kọ́lá, ìdána ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹnì kan ládùúgbò wa ní òun á fi peel bó gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì sọ fún Dádì. Ṣé kí n lọ?”

Má lọ.

Mi ò ní sọ fún bàbá rẹ. Àbúrò mi ni, mo mọ bí ariwo rẹ̀ ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n jókòó, ka lẹ́tà yìí tán, kó o sì kà á fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tẹ́ ẹ jọ ń gbé, torí mo mọ̀ pé ìwọ nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí ń ká lára. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mọ́kànlá nínú rẹ̀, yàrá ìtọ́jú awọ ni mo wà. Mo ti rí ojú tí ásíìdì tún ṣe, mo ti rí èyí tí ásíìdì bà jẹ́, ohun tó sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kì í pọ̀. Nígbà míì, ìṣẹ́jú méjì ni.

Bí mo bá bi ọ́ pé kí ló dúdú lójú rẹ, wàá ní irorẹ́ ni. Irorẹ́ ti lọ láti oṣù kẹrin, Àníkẹ́. Èyí tó kù yìí, kànìnkànìn ò lè họ ọ́ kúrò, torí kì í ṣe ìdọ̀tí. Aró ni.

Nínú awọ gbogbo ọmọ ènìyàn, dúdú àti funfun, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nísàlẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní melanocyte. Aláró ni mo máa ń pè wọ́n fún àwọn aláìsàn wa, torí iṣẹ́ aró ni wọ́n ń ṣe. Iye aláró tó wà lára òyìnbó àti iye tó wà lára wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àmọ́ àwọn tiwa kì í sinmi: hóró aró tí wọ́n ń ṣe tóbi, ó sì ń tú ká inú awọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Melanin lorúkọ aró náà. Òun ló ń dí oòrùn lọ́nà fún wa. Òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn fi jẹjẹrẹ awọ bá wa jà bó ṣe ń bá àwọn òyìnbó tó ń gbé ilẹ̀ olóòrùn jà.

Àwọn aláró yìí ò fẹ́ wàhálà. Bí nǹkan bá gbóná nítòsí wọn, bí irorẹ́ bá wú, bí èékánná bá họ awọ, bí epo gbígbóná bá ta síni lọ́wọ́, ìjayà á mú wọn, wọ́n á da aró sílẹ̀. O rántí ẹsẹ̀ rẹ nígbà tó o wà ní kékeré, tí ẹ̀fọn ń jẹ ọ́ tó o sì ń họ ọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́? Ẹ̀fọn lọ, àmì rẹ̀ kù, o fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì kó tó pa rẹ́.

Ìdí tí mo fi ní kó o má lọ nìyẹn. Peel náà, ọgbẹ́ ni. Ásíìdì ni wọ́n ń fi sójú kí awọ òkè lè jó níwọ̀nba, kó re, kí tuntun hù. Bí ọgbẹ́ náà bá kéré débi pé àwọn aláró ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọjá níwájú ilé wọn, ojú á mọ́. Bó bá fi díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á tún da aró, èyí tí wọ́n á dà á sì ju ti irorẹ́ lọ, torí ojú kan ni irorẹ́ jókòó sí, gbogbo ojú sì ni ásíìdì kàn.

Ibi tí aró náà dà sí tún lọ́rọ̀ nínú. Aró tó dà sórí ẹní, èèyàn lè ká ẹní. Èyí tó mu wọ ilẹ̀ lábẹ́ ẹní ńkọ́? Bí àmì bá wà ní awọ òkè, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti kọfí, etí rẹ̀ á hàn kedere. Bó bá ti rì sísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á jọ eérú tí wọ́n da aró sí, etí rẹ̀ ò ní hàn. Dókítà lè pa iná yàrá kó tan àtùpà kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rí bí àlùkò, àtùpà Wood, sí ojú aláìsàn. Èyí tó wà lókè á túbọ̀ ṣú. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ò ní yí padà. Lára ẹni tó dúdú bíi tèmi, àtùpà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran, ojú dókítà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń ràn án lọ́wọ́. Mo sọ èyí kó o lè mọ̀ pé àmì kan wà tí peel ò ní wò. Ásíìdì tó rọrùn ò lè dé ibi tó wà, èyí tó bá sì lè dé ibẹ̀, àpá ló máa fi sílẹ̀.

Tìrẹ, bí àwòrán ò bá tàn mí jẹ, òkè ló wà. Inú mi dùn sí ìyẹn.

Ti Bọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ yàtọ̀. Tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó lóyún àwọn Ìbejì, ó tẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bákan náà, ó sì gba iwájú orí. Melasma ni wọ́n ń pè é. Oyún máa ń fà á, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí máa ń fà á lára àwọn kan, oòrùn àti ooru sì ń bu epo sí iná rẹ̀. Ó máa ń lọ, ó máa ń padà wá. Nítorí náà, má mú ìtàn Bọ́lá lò fún ara rẹ, má sì jẹ́ kó mú tìrẹ lò.

Èdè wa náà dá kún ìṣòro yìí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, bó, la fi ń pe nǹkan méjì tí wọn ò jọra. Ẹni tó ń bóra, gbogbo ara ló fẹ́ kó pupa. Ó ń pa àwọn aláró lẹ́nu mọ́ kí wọ́n má ṣiṣẹ́ mọ́ rárá. Ẹni tí dókítà ń bó ojú fún, àmì nìkan ló fẹ́ kó kúrò kí ojú lè padà sí dúdú tí Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní lẹ́yìn peel òun wàá pọ́n, wàá tàn, ti àkọ́kọ́ ló ń tà, orúkọ èkejì ló fi bò ó. Adúmáadán ni wọ́n ń ki ìyá tó bí mi, ìwọ lo sì gba àwọ̀ rẹ̀ nínú gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un kúrò lára rẹ.

Bó o bá fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kí peel rí, wo ẹ̀pà yíyan. O dà á sí àtẹ́lẹwọ́, o fi ọwọ́ kejì ra á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, o fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, èèpo pupa fẹ́lẹ́ náà fò lọ, ẹ̀pà ò dín. Bíbó nìyẹn. Iṣu ńkọ́? Ọ̀bẹ la fi ń bẹ ẹ́, ọ̀bẹ sì máa ń mú nínú ara iṣu dání. Ẹni tó ní òun á ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bíbẹ ló fẹ́ bẹ ọ́.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí mo bẹ ara mi rí.

Lọ́dún 1986, oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí mo bí Kúnlé, dúdú kan jókòó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì àti orí ètè mi bí irunmú ọkùnrin. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀ pé ó lè lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi ń bọ̀, gbogbo ẹbí ló máa wá. Obìnrin kan lọ́jà ta ìgò kékeré kan fún mi. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, kò sí ìwé kankan lára ìgò. Ó ní kí n fi òwú nù ún sójú, kí n fi sílẹ̀ di àárọ̀. Mo nù ún lálẹ́. Ó ń ta mí bí ata. Mo ní áà, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo jókòó síwájú fáànù, mò ń ka Sáàmù, mi ò fọ̀ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti le bí èèpo búrẹ́dì, omi ń sun létí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, èèpo náà re. Awọ abẹ́ rẹ̀ pupa bíi ti ọmọ tuntun, inú mi dùn, mo sáré lọ fi han ìyá mi. Ìyá mi wò mí títí, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti dúdú. Ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì tẹ́ lọ dé ẹ̀bá etí, níbi tí kò sí àmì kankan tẹ́lẹ̀. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi ń fi ìborùn bo ojú kí n tó jáde nílé.

Àpá tó wà lẹ́bàá etí mi òsì, tó o fọwọ́ kàn nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tó o ní, “Mọ́mì, kí ló jó yín?”, òun nìyẹn. Mo ní omi gbígbóná ni. Mo parọ́ fún ọ lọ́jọ́ náà. Ojú ló tì mí.

Peel fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá o. Ó ti pẹ́ tó ti wà. Ní Hamburg, nílẹ̀ Jámánì, Paul Gerson Unna ti kọ̀wé lọ́dún 1882 nípa bí salicylic acid, phenol àtàwọn bíi tiwọn ṣe ń ṣí awọ. Àmọ́ awọ òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rù awọ dúdú sì ń ba àwọn tó ń ṣe é. Lọ́dún 1999, Pearl Grimes, dókítà obìnrin adúláwọ̀ kan ní Los Angeles, tẹ ìwé jáde lórí ènìyàn 25 tí awọ wọn dúdú, tí ó lo salicylic acid 20% àti 30% fún. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló sàn fún. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe mú un: ó fi ìpara múra ojú wọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fọwọ́ kan ásíìdì, ó sì pín in sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì méjì síra. Ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run ló ń ṣe báyẹn.

Lọ́dọ̀ wa náà, kò sẹ́ni tó ń wọlé lónìí kí wọ́n bó ojú rẹ̀ lónìí. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi tọ́jú ojú. Sunscreen láràárọ̀. Ìpara tí dókítà kọ, tó máa ní kí àwọn aláró fara balẹ̀, lálẹ́. Dókítà á béèrè bóyá o lóyún tàbí o fẹ́ lóyún. Á béèrè bóyá aspirin máa ń ba ara rẹ jẹ́, torí ìbátan aspirin ni salicylic acid. Á béèrè bóyá egbò kéékèèké máa ń sú sí ọ létí ẹnu nígbà tí ibà bá ń ṣe ọ́, torí peel lè jí i, oògùn sì wà tí wọ́n lè fún ọ ṣáájú. Á wò ó bóyá àpá ara rẹ máa ń wú, á béèrè gbogbo oògùn irorẹ́ tó o ti lò. Má fi ọ̀kankan pa mọ́, kódà èyí tójú ń tì ọ́ láti dárúkọ. Lẹ́yìn náà, á fi díẹ̀ sẹ́yìn etí rẹ, á ní kó o máa lọ, kó o padà wá kóun wò ó. Ẹni tí kò bá béèrè ìkankan nínú ìwọ̀nyí, tó kàn dárúkọ iye owó, dìde níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, wàá fọ ojú, wàá dùbúlẹ̀, orí rẹ á ga díẹ̀. Nọ́ọ̀sì á rẹ gọ́ọ̀sì sínú spírítì tàbí acetone, á fi nu òróró ojú kúrò. Ó gbọ́dọ̀ kárí, torí ibi tí òróró bá ṣẹ́ kù sí, ásíìdì ò ní wọ̀ ọ́ dáadáa, ibi tó bá nù jù, á wọ̀ ọ́ jù. Á fi Vaseline pa igun ojú, igun imú àti ètè. Abọ́ omi tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fún ọ ní fáànù kékeré kan mú dání. Dókítà á rẹ búrọ́ọ̀ṣì sínú glycolic acid, 20% tàbí 30% fún ìgbà àkọ́kọ́. Iwájú orí ló ti máa bẹ̀rẹ̀, á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú, àgbọ̀n. Awọ fẹ́lẹ́ tó sún mọ́ ẹyinjú ló máa ń kẹ́yìn bí wọ́n bá tiẹ̀ máa kàn án. Látìgbà tí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kan ojú, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ nínú yàrá. Èmi ni mo máa ń ka aago. “Ìṣẹ́jú kan. Ṣé ó ń ta ọ́? Ṣé ibì kan ń ta ọ́ ju ibòmíì lọ?”

Ìdí tí a fi ń béèrè rèé. Bí ásíìdì bá ń mú òyìnbó jù, ojú rẹ̀ á pọ́n, dókítà á rí i. Lójú tiwa, pípọ́n yẹn kì í tètè hàn. Ẹnu aláìsàn ló ń sọ ọ́ kí ojú tó sọ ọ́. A sì máa ń ṣọ́ nǹkan méjì: ibi tó bá ṣàdédé ṣú ju àyíká rẹ̀ lọ, àti ibi tó bá funfun bí eérú. Bí funfun yẹn bá yọ, a kì í dúró de aago mọ́. Omi tí wọ́n po sodium bicarbonate sí la máa ń dà sí i, á hó ṣaaṣaa, agbára ásíìdì á sì parí. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, kì í sábà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Obìnrin kan wà tó máa ń ní kí a jẹ́ kóun fi kún un nígbà gbogbo: “Nọ́ọ̀sì, mo lè gbà á mọ́ra.” Mo máa ń dá a lóhùn pé ẹni tó lè gbà á mọ́ra kọ́ là ń wá.

Ti salicylic yàtọ̀. Fúnra rẹ̀ ló máa ń gbẹ di ìyẹ̀fun funfun lórí awọ. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn, wọ́n á rò pé awọ ti jó; oògùn tó gbẹ ni, omi lásán la fi ń ṣàn án dànù. Ó máa ń wọnú ihò òróró, ó sì ń bá irorẹ́ fúnra rẹ̀ jà kó má bàa padà, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé òun ni dókítà á yàn fún ọ. Sọ fún Dàmọ́lá àbúrò rẹ náà pé àwọn kókó dúdú tó máa ń sú sí i ní àgbọ̀n lẹ́yìn tó bá fá irùngbọ̀n, wọ́n máa ń lò ó fún ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ yéé fá a kanlẹ̀, torí irun tó ń wọ́ padà sínú awọ ló ń dá a lóró.

Trichloroacetic acid tó bá lágbára àti phenol, má gbọ́ orúkọ wọn sétí fún àmì dúdú. Phenol ń wọlé jìnnà débi pé ó lè da lílù ọkàn rú, ó sì lè pa àwọn aláró dànù kí ojú funfun kalẹ̀ títí ayé. Bi ẹni tó fẹ́ bó ojú rẹ: “Ásíìdì wo ni? Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún?” Bó bá ní àṣírí òun ni, tàbí ó ní “organic” ni, gbé báàgì rẹ.

Lẹ́yìn peel, ojú á gbẹ, á fẹ́ máa fún pọ̀. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje, awọ á máa re bí ìyẹ̀fun, yí ẹnu àti imú ká pàápàá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ohun tí dókítà ti ṣe jẹ́. Wọ́n á rí èèpo kan tó gbé orí sókè, ọwọ́ á máa yún wọn, wọ́n á fà á. Má fà á, Àníkẹ́. Mo mọ ọwọ́ rẹ. Bó o bá fà á kí àkókò rẹ̀ tó pé, o tún ti dá ọgbẹ́ mìíràn, àwọn aláró ti tún jí. Omi, ọṣẹ tó rọ̀, ìpara tó ń mú kí ojú lọ́rinrin, ó tán. Kànìnkànìn, sikúrọ́ọ̀bù, òroǹbó, kódà ọṣẹ dúdú tí ìyá rẹ ń fi ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn, fi gbogbo wọn sílẹ̀ títí ojú á fi balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n máa ń ṣe é kéèyàn tó rí ìyàtọ̀ tó nílárí, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin sì máa ń wà láàárín wọn. Àmì á fúyẹ́. Gbogbo rẹ̀ lè má lọ pátápátá.

Oòrùn ni mo fẹ́ bá ọ sọ jù. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Oòrùn ni ẹ̀tẹ̀ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bó ojú tó sì ń gun ọ̀kadà láti Ṣáńgo dé Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án gangan láìfi nǹkan kan pa ojú, owó rẹ̀ ló ń jó. Wọ́n ti fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé dúdú ò nílò sunscreen. Lóòótọ́, a kì í tètè jó bí òyìnbó. Àmì tó wà lójú wa ló nílò rẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí oòrùn bá kàn án ló ń pe àwọn aláró síbi iṣẹ́. Ra èyí tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ní àwọ̀, tí wọ́n po iron oxide mọ́, ló dára jù fún wa, torí ìmọ́lẹ̀ lásán tí ojú ń rí náà máa ń mú awọ dúdú ṣú, iron oxide sì ń dí i lọ́nà. Fà á sórí ìka méjì láti ìdí dé orí, ìwọ̀n tó tó ojú àti ọrùn nìyẹn. Bó o bá wà níta, tún un pa ní wákàtí méjì méjì. Kí agboòrùn wà nínú báàgì. Wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ méjì, ojú wọn á mọ́ ọn.

Àwọn ìpara tó wà lórí tábìlì rẹ wá ńkọ́? Mo rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ nínú àwòrán náà, ọ̀kan jẹ́ ike tí wọ́n bu nǹkan sí, kò lórúkọ. Ìpara àpòpọ̀ báyẹn, sítẹ́rọ́ídì tó lágbára ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, tàbí hydroquinone, oògùn tó ń pa àwọn aláró lẹ́nu mọ́, tí kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, tàbí mẹ́kúrì. Àdéhùn Minamata tí orílẹ̀-èdè wa wà nínú rẹ̀ ti fòfin de mẹ́kúrì nínú ìpara, NAFDAC náà ò gbà á láàyè, torí ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Sítẹ́rọ́ídì á kọ́kọ́ mú kí ojú dán, inú rẹ á dùn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, awọ á fẹ́lẹ́ bí bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà tí epo ti mu, iṣan á máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Awọ tó ti rí báyẹn, bí ásíìdì 20% bá kàn án, yóò jó bí ẹni pé 50% ni. Hydroquinone lọ́wọ́ dókítà, fún oṣù díẹ̀, oògùn gidi ni. Àmọ́ lọ́dún 1975, George Findlay àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Africa kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pa á, tí ojú wọn wá dúdú bí aró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ṣe rógórógó lábẹ́ ọwọ́. Ochronosis ni wọ́n ń pè é. Mo ti fọ ojú bẹ́ẹ̀ fún màmá kan. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe?” Kò sí peel tó ń wo ìyẹn.

Èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò lórí fóònù pé kó o fúnra rẹ fi sójú nílé, òun náà ni ìgò ọdún 1986 mi. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FDA ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú wọn pé kí wọ́n má máa ra peel líle fúnra wọn lò láìsí onímọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, torí iná tó ń jó wọn àti àpá. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ nǹkan sára ìgò, ti àwa ńkọ́?

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ lónìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti lọ. Peel kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Òmíràn, ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ ìdána ti dé, ẹ̀ẹ̀mejì péré lo sì tíì ṣe nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí mẹ́fà. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó o rí dókítà awọ lọ́sẹ̀ yìí, kó o bẹ̀rẹ̀ sunscreen àti ìpara tó bá kọ, kó o sì mú ọwọ́ kúrò lójú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ìwọ̀nyẹn nìkan lè mú un fúyẹ́. Ẹni tó máa ṣe mékọ́ọ̀pù rẹ á bo ìyókù. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, nígbà tí ọkàn bá balẹ̀, a lè bẹ̀rẹ̀ peel. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fẹ́ bímọ kíákíá, sọ fún dókítà kó tó kọ ohunkóhun, torí àwọn ìpara kan wà lára èyí tó máa kọ tí aboyún kò gbọ́dọ̀ fi kan ara. Oyún náà lè mú irú ti Bọ́lá wá. Bó bá dé, a ó jọ wò ó.

Ọkọ rẹ rí ojú yìí kó tó kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ rẹ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rí bó ṣe ń wò ọ́.

Wá lọ́jọ́ Sátidé, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, kí ojú ọjọ́ ti mọ́ dáadáa. Má kun àtíkè, má pa nǹkan kan. Kó gbogbo ìpara tó wà lórí tábìlì yẹn sínú ọ̀rá kan, àti ike tí kò lórúkọ yẹn, kó o gbé wọn wá fún mi. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa jókòó sí dè ọ́.

Èmi ni,
Mọ́mì Mọ́kọ́lá